Òjò nìkan kọ́ ló ń kó erùpẹ̀ òkè Rwanda lọ

Ní òru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 2023, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn àti àríwá Rwanda, kò sì dáwọ́ dúró bọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta náà tó ṣú, àwọn tó kú ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n fi máa kà á tán, ó ti kọjá 130, ilé tó sì bàjẹ́ pátápátá lé ní 5,000. Odò Sebeya kún àkúnya, ó ya wọ ilé àwọn ará Rubavu. Ní Rutsiro, Karongi, Ngororero àti Nyabihu, òkè ya lu àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ lójú oorun. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà lẹ́yìn náà, ẹrẹ̀ ló bo gbogbo nǹkan: ẹrẹ̀ nínú yàrá, ẹrẹ̀ lójú títì, ẹrẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Púpọ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn, erùpẹ̀ oko ẹnì kan ni lánàá.

Láti ìgbà náà, bí àsìkò òjò bá ti dé báyìí, ìdáhùn méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: òjò ti pọ̀ jù, èèyàn náà sì ti pọ̀ jù. Wọn ò purọ́. Gbogbo ilẹ̀ Rwanda kò ju kìlómítà níbùú-lóròó 26,338 lọ. Ìkànìyàn ọdún 1978 bá mílíọ̀nù 4.8 èèyàn níbẹ̀. Ti ọdún 2022 bá mílíọ̀nù 13.2, ìyẹn èèyàn 503 lórí kìlómítà níbùú-lóròó kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yọ àwọn erékùṣù sílẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí èèyàn fún mọ́ra tó o.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè méjì tó kọjú síra wọn. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn, iye èèyàn tó ń gbé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ ọ̀kan di erùpẹ̀ rẹ̀ mú, èkejì ń ṣàn lọ sódò lọ́dọọdún. Òjò àti iye èèyàn kò lè ṣàlàyé ìyẹn. Bóyá nǹkan kan bo ilẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò dé, àti ibi tí omi gbà nígbà tí ilẹ̀ kò lè mu ún mọ́, àwọn ló lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú ilẹ̀. Ẹ̀kán òjò tó bá tóbi máa ń já wálẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá bọ́ sórí ewé tàbí koríko gbígbẹ tó wà nílẹ̀, ipá rẹ̀ parí síbẹ̀. Tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, á fọ́ ògúlùtu, á ta erùpẹ̀ sókè, èyí tó kúnná jù nínú erùpẹ̀ náà á sì lọ dí àwọn ihò tíntìntín tí omi ìbá gbà wọlé. Kò ní pẹ́ tí ojú ilẹ̀ á fi dì, tí á máa dán. Omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ríbi wọ̀ sí mọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, á dúró di ọ̀gọ̀dọ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á gbé ohun tó ti fọ́ sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀ títẹ́jú sì ṣọ̀wọ́n ní Rwanda, pàápàá láti Kigali lọ sí ìwọ̀-oòrùn, títí dé àwọn òkè gíga tó pín omi odò Congo níyà sí ti odò Nile.

Bí omi bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń kóra jọ. Ojú ọ̀nà tó kọ́kọ́ fà sílẹ̀ kì í ju ohun tí èèyàn lè fi ọkọ́ dí ní ìdákọ́ díẹ̀. Bí wọn ò bá dí i, òjò tó tẹ̀lé e á tún gba ibẹ̀, torí omi kì í gbàgbé ojú ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn àsìkò òjò mélòó kan, ó ti di ọ̀gbun tí màlúù lè jìn sí.

Àsìkò ló wá mú ọ̀rọ̀ náà le. Rwanda ní òjò méjì lọ́dún: Umuhindo, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, tó sì ń parí nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, àti Itumba, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún. Ìlà-oòrùn kì í sábà rí ju 1,000 mìlímítà òjò lọ lọ́dún; àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn máa ń rí ju 1,400 lọ. Umuhindo máa ń bá ilẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn gígùn. Àgbẹ̀ ti ro oko sílẹ̀ dè é, torí ẹni tó bá pẹ́ gbìn, òjò á lọ fi í sílẹ̀. Ẹ̀wà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni wọ́n fà á tu. Pòròpórò àgbàdo ti lọ sẹ́nu màlúù tàbí sábẹ́ ìkòkò. Ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ dé gan-an ni ilẹ̀ wà ní ìhòòhò jù lọ. Ní Musanze, Nyabihu àti Rubavu tí wọ́n ti ń gbin ọ̀dùnkún, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ wa ọ̀dùnkún tí kò ní yí ilẹ̀ oko po látòkè délẹ̀. Mi ò rí ohun tí èèyàn fẹ́ fi dá àgbẹ̀ lẹ́bi nínú èyí. Ó ń lé òjò, òjò náà ń lé e.

Ibi tí iye èèyàn ti wọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìpín ilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìdílé àgbẹ̀ kò ní tó hẹ́kítà kan, èyí tí wọ́n ní náà sì fọ́n káàkiri, díẹ̀ lórí òkè, díẹ̀ lẹ́bàá omi. Òfin ogún ọdún 1999 fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin, ohun tó sì tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò torí ìyẹn fẹ̀ sí i. Láàárín ọdún 2009 sí 2013, ìjọba wọn ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì kọ orúkọ onílẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ tí wọ́n kọ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Òfin ilẹ̀ ọdún 2013, tí òmíràn ti rọ́pò rẹ̀ ní 2021, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pín ilẹ̀ oko tó bá jẹ́ pé ìpín tó máa jáde kò ní tó hẹ́kítà kan. Ìwé kò pín in lóòótọ́ nígbà náà, àmọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí ń fẹnu pín in láàárín ara wọn.

Kí oko kéré kò túmọ̀ sí pé àgbàrá gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣẹlẹ̀. Èkíní, ilẹ̀ kò rí ìsinmi: kò sí àyè tí wọ́n lè fi sílẹ̀ kó padà di igbó kí wọ́n tó tún ro ó, ohun tó sì ń di erùpẹ̀ mọ́ra, ìyẹn egbò àti ewé jíjẹrà, ń dín kù lọ́dọọdún. Èkejì kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Kòtò gbọọrọ tí wọ́n ń gbẹ́ ní ìdábùú òkè láti dá omi dúró, tí àwọn ará Rwanda ń pè ní imirwanyasuri, gbọ́dọ̀ gba inú oko èèyàn mẹ́wàá tàbí ogún kọjá kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá dí tirẹ̀ kó lè rí àyè gbin ẹ̀wà ẹsẹ̀ kan sí i, ibẹ̀ ni gbogbo omi ti máa já. Àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Àmọ́ onílé tó wà nísàlẹ̀ òkè lè má gbà títí. Bí ẹni tó wà lókè bá ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe?

Àgbẹ̀ ni gbogbo ìpolongo máa ń kọjú sí. Lójú tèmi, òrùlé àti títì ló yẹ kí wọ́n máa dárúkọ tẹ̀lé e, wọn kì í sì í sábà dárúkọ wọn.

Títí di nǹkan bí ọdún 2010, ilé tí wọ́n fi koríko bò, nyakatsi, ṣì wà káàkiri ìgbèríko. Ìjọba gbé ètò kan dìde tí wọ́n pè ní Bye Bye Nyakatsi, nígbà tí ọdún 2011 sì fi máa parí, páànù ti gba ipò koríko fẹ́rẹ̀ẹ́ níbi gbogbo. Kò sẹ́ni tó máa ṣàárò òrùlé tó ń jò. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ilé kékeré tí òrùlé rẹ̀ fẹ̀ tó mítà níbùú-lóròó 50, tí òjò 20 mìlímítà rọ̀ sí, máa da lítà omi 1,000 sílẹ̀. Omi yẹn kò fọ́n káàkiri bí èyí tó rọ̀ sórí oko. Ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà já sílẹ̀, á gbẹ́ ìdí ilé, á wá ọ̀nà lọ síbi tó bá dà gẹ̀rẹ́ jù. Òrùlé kò bo ju ìwọ̀nba kékeré lọ nínú gbogbo ilẹ̀ òkè kan, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ tó ń fi ìwọ̀n ilẹ̀ ṣírò fi máa ń fojú fò ó. Wàhálà rẹ̀ ni pé omi tó yẹ kó tàn kálẹ̀ ti kóra jọ sójú kan.

Ohun tó tún fi kún un ni pé láti ọdún 1990 ó lé ni ìjọba ti ń fẹ́ kí àwọn ará oko kúrò ní ilé àdádó, kí wọ́n kóra jọ sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní umudugudu, kí iná, omi ẹ̀rọ àti ilé-ìwé lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ètò tó nítumọ̀ ni. Ilé ọgọ́rùn-ún lójú kan, nínú òjò tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ lítà 100,000. Bí kò bá sí gọ́tà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe dé inú odò, oko tó wà nísàlẹ̀ abúlé náà ló di gọ́tà. Táǹkì tó ń gba omi òrùlé ń ṣèrànwọ́, ìjọba náà sì ń polongo rẹ̀, ṣùgbọ́n táǹkì onílítà 1,000 ti kún lẹ́yìn òjò kan. Ní oṣù Kẹrin, tí òjò máa ń rọ̀ léraléra, ta ló ń tú u dà kí òmíràn tó dé?

Ti títì náà kò yàtọ̀. Láti la ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n gbọ́dọ̀ gé òkè náà wọnú. Omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè á já sí gọ́tà ẹ̀bá títì, gọ́tà á gbé e lọ jìnnà, á wá tú u jáde látinú ihò abẹ́ títì lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe parí síbi tí ihò náà parí sí. Ẹ tọ ọ̀gbun ńlá kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ ó sábà bá ihò abẹ́ títì tàbí àgbàlá ilé ní orísun rẹ̀. Ẹni tó ni oko tó wà lábẹ́ ihò yẹn ni wọ́n á tún sọ fún níbi ìpàdé pé kò mọ ilẹ̀ tọ́jú.

Ti igbó Gishwati gba àlàyé díẹ̀, torí pé ó fi hàn pé kì í ṣe tálákà nìkan ló ń pa igbó. Ní àwọn ọdún 1970, igbó yìí ṣì fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà níbùú-lóròó 280 lórí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òjò ti pọ̀ jù. Ní àwọn ọdún 1980 ni ètò kan tí Báńkì Àgbáyé yá wọn lówó fún dé: wọ́n gé apá kan igbó náà láti fi ṣe pápá ìjẹko màlúù, wọ́n sì gbin igi páìnì sí apá mìíràn. Lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1994, àwọn tó ń ti ìlú òkèèrè bọ̀ wálé kò ní ilẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 2000 fi bẹ̀rẹ̀, igbó gidi tó kù kò ju nǹkan bíi kìlómítà níbùú-lóròó mẹ́fà lọ. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣòfin tó sọ ìyókù rẹ̀, pẹ̀lú igbó Mukura, di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè, àjọ UNESCO náà sì fọwọ́ sí agbègbè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ ohun ẹlẹ́mìí ní 2020.

Láti àwọn òkè agbègbè yẹn ni odò Sebeya ti ń ṣàn wá sí Rubavu. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní òjò ọdún 2023 ló kó Sebeya wọ ìgboro, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n apá kan nínú ọ̀nà tó gbà ti ṣí láti nǹkan bí ogójì ọdún, nínú ìwé tí àwọn alákọ̀wé buwọ́ lù.

Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n ṣáà gbin igi. Wọ́n ń gbìn ín. Igi eucalyptus ló pọ̀ jù nínú igi tí wọ́n ń gbìn ní Rwanda. Ó ń yára dàgbà, ó dára fún igi ìdáná àti òpó ilé. Àmọ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀: koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀, ewé tó sì já sílẹ̀, àwọn èèyàn á gbá a lọ dáná. Ẹ̀kán òjò tó bọ́ látorí igi gíga, tí kò bá ewé kankan nílẹ̀, á gbẹ́ ilẹ̀ bíi ti oko, nígbà mìíràn ju ti oko lọ, torí pé orí ewé ni omi ti kóra jọ di ẹ̀kán ńlá. Ohun tó wà nílẹ̀ ló ń dáàbò bo ilẹ̀. Koríko tí kò ga ju orúnkún lè ṣe ohun tí igi gíga kò lè ṣe.

Ìwakùsà kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá wà, ó ń ba omi jẹ́ gidigidi. Ní agbègbè bíi Ngororero tí wọ́n ti ń wa coltan, òkúta tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ bíi fóònù, àti tánńganran, inú odò kéékèèké ni wọ́n ti sábà ń fọ òkúta náà, iyẹ̀pẹ̀ tó bá sì kù, omi ló ń gbé e lọ. Odò Nyabarongo tó ń gba gbogbo rẹ̀ máa ń pọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jálẹ̀ ọdún. Ó ń gbé e lọ sí Akagera, Akagera ń gbé e lọ sí adágún Victoria.

Ìjàkadì pẹ̀lú àgbàrá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Rwanda, ìtàn rẹ̀ sì wà lára ìdí tó fi ṣòro. Lábẹ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, iṣẹ́ tipátipá ni gbígbẹ́ kòtò lórí òkè jẹ́. Nígbà tí òmìnira dé ní 1962, ọ̀pọ̀ èèyàn pa kòtò wọ̀nyẹn tì, torí pé tìyà-tìyà ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Láti ọdún 1974 ni ìjọba ti sọ umuganda, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, di ètò orílẹ̀-èdè. Ó dáwọ́ dúró ní àsìkò ogun, wọ́n sì dá a padà ní 1998. Lónìí, ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, gbogbo ìlú ń jáde, kòtò gbígbẹ́ àti igi gbígbìn sì wà lára ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe. Wàhálà kan ni pé kíkọ́ ló yá wọn lára ju títọ́jú lọ. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ lónìí á kún fún ẹrẹ̀ lẹ́yìn àsìkò òjò kan tàbí méjì, kò sì sí ayẹyẹ nínú kíkó ẹrẹ̀.

Ohun tí ìjọba gbára lé jù ni gígé òkè bí àtẹ̀gùn, kí orí ìpele kọ̀ọ̀kan lè tẹ́jú. Ó ń dá erùpẹ̀ dúró gan-an bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gé e, erùpẹ̀ dúdú tó dára lè wọ abẹ́, èyí pupa tó wà nísàlẹ̀ á sì jáde sókè, ilẹ̀ náà á sì kan. Láìsí ẹfun tó ń pa kíkan náà, àti ìgbẹ́ màlúù, ohun ọ̀gbìn ọdún àkọ́kọ́ lè má ṣe é wò, ẹni tí kò bá sì rówó ra wọ́n lè fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó wó. Níbi tí erùpẹ̀ bá sì jìn púpọ̀, lórí òkè tó dà gidi, omi tí àtẹ̀gùn náà dá dúró á máa wọlẹ̀, á sì sọ inú òkè di ẹrẹ̀ rírọ̀, títí òkè náà á fi ya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó ń gba oko lọ́wọ́ àgbàrá lè wá pa ilé lára. Àwọn tó ń ka iye hẹ́kítà tí wọ́n ti gé kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ kéré lójú: èésún tí wọ́n ń gbìn ní ìlà gba ìdábùú òkè, tí wọ́n ń pè ní urubingo. Kì í pẹ́ dí ìlà náà, ó ń fa omi sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ń kóra jọ lókè rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń tẹ́jú fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí kì í fi í bàjẹ́ ni pé màlúù ń jẹ ẹ́. Láti 2006 ni ètò Girinka ti ń fún ìdílé tálákà ní màlúù kọ̀ọ̀kan, ibùso sì ni wọ́n ti ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá ní màlúù kò ní fẹ́ kí èésún rẹ̀ kú. Kò sẹ́ni tó ní láti kéde rẹ̀ ní umuganda.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń kọ́ ni owó. Ẹni tó wà lókè ló máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún kòtò tàbí èésún. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló máa jèrè rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni àbàtà Rugezi ní àríwá, tó ń fún adágún Bulera ní omi, tí omi náà sì ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná Ntaruka. Wọ́n ti la omi kúrò lára àbàtà náà láti fi dáko, ẹrẹ̀ ń wọ́ wá láti orí àwọn òkè tó yí i ká, ọ̀dá dé, wọ́n sì ń lo omi adágún náà ju bó ṣe ń wọlé lọ. Ní 2003 sí 2004, adágún náà fà débi pé iná bẹ̀rẹ̀ sí í ku Kigali kù, ìjọba sì háyà jẹnẹrétọ̀ alágbára tó ń mu dísù. Owó yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ránti Rugezi. Wọ́n dá oko dídá dúró nínú àbàtà náà, wọ́n gbin ọparun àti èésún yí i ká, wọ́n gé àtẹ̀gùn sí àwọn òkè tó wà lágbègbè rẹ̀. Omi padà, Ntaruka náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń dá oko nínú àbàtà náà, ìwọ̀nba ilẹ̀ orí òkè ló kù fún wọn.